Láti Ẹnuwá Dé Bàhíà: Èwo Ni Ó Jìnnà Nínú Ọ̀nà Méjèèjì?

Ní ọjọ́ Ọlọ́jọ́ tí ó kọjá, nígbà tí Ẹnuwá kún fọ́fọ́ tí ẹsẹ̀ kò gbèrò, tí gbogbo ojú kọ sí ẹnu ọ̀nà ààfin láti rí Ọba nínú adé Ààrẹ kí ó tó kọrí sí Òkè Mògún, ìyá arúgbó kan sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo dúró sí. Aṣọ funfun ni ó wọ̀ láti òkè dé ilẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ sì wà ní ọrùn rẹ̀. Ó kọjú sí ààfin, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀, ó fi ọwọ́ kan náà kan iwájú orí rẹ̀, ó sì ké ní ohùn rara pé, "Àgò!" Àwọn tí ó wà nítòsí kò fura rárá. Ẹnìkan dá a lóhùn pé, "Àgò yà o, ìyá wa." Ṣùgbọ́n nígbà tí a kí i kú àbọ̀, tí a kí i kú ewu ọ̀nà, ẹ̀rín ni ó fi dá wa lóhùn, nítorí kò gbọ́ ohun tí a wí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó tẹ̀ lé e ni ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ wa sí èdè Pọtogí. Ìlú Salvador ni ìyá náà ti wá, ní ìpínlẹ̀ Bàhíà, ní ilẹ̀ Bràsíìlì.

A béèrè iye ọjọ́ tí ó lò lọ́nà. Ó na ìka mẹ́ta sókè. Láti Salvador ó wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ sí São Paulo. Láti São Paulo ó ré òkun Àtìláńtíìkì kọjá, ó sì la ilẹ̀ Áfíríkà já lọ sí Addis Ababa. Láti Addis Ababa ni ó tó padà sẹ́yìn wá sí Èkó. Láti Èkó ni ó sì wọ mọ́tò wá sí Ifẹ̀. Orí àga ní ibùdó ọkọ̀ òfúrufú ni ó sùn sí ní òru méjì.

Baba àgbàlagbà kan tí ó fara ti ògiri mi orí títí. Ó ní, "Ìyá, ẹ kú ìrìn o. Ọmọ mi tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀n, ó jẹun àárọ̀ lọ́hùn-ún, ilẹ̀ kò sì tíì ṣú tán tí ó fi dé Èkó. Ṣé ìlú tiyín wá jìnnà tó ìlọ́po mẹ́ta ìlú Òyìnbó ni?"

Ìyá náà wo ọ̀dọ́mọkùnrin ògbufọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin wo èmi. Kò sí ẹni tí ó mọ ìdáhùn nínú wa.

Ìbéèrè baba yìí ni ó gbé mi dé ìdí àwòrán ayé róbótó tí àwọn ọmọ ilé mi fi ń kẹ́kọ̀ọ́. Mo mú òwú ìránṣọ, mo fi orí rẹ̀ kan sí Èkó, mo fa èkejì tọ́ dé Lọ́ńdọ̀n, mo sì gé e síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo yí òwú tí mo gé náà padà, tí mo gbé e la òkun já sí ìhà ìwọ̀-oòrùn. Díẹ̀ bíńtín ni ó kù kí ó kan Salvador. Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ bá ní irú àwòrán bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ fúnra yín dán an wò, kí ẹ má baà rò pé àsọdùn ni mo ń sọ.

Ohun tí àwọn tí ń wọn ayé wí náà nìyẹn. Láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀n jẹ́ nǹkan bí 5,000 kìlómítà, èyí tí àwọn àgbà tí wọ́n fi máìlì kàwé yóò pè ní 3,100 máìlì. Láti Èkó dé Salvador jẹ́ nǹkan bí 5,100 kìlómítà. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn lọ. Lórí àwọn àwòrán ilẹ̀ pẹlẹbẹ kan tí a máa ń gbé kọ́ ògiri ilé-ìwé, Lọ́ńdọ̀n tilẹ̀ dà bí ẹni pé òun ni ó jìnnà jù, nítorí pé àwọn àwòrán bẹ́ẹ̀ a máa na apá àríwá ayé ju bí ó ti yẹ lọ. Wákàtí mẹ́fà ààbọ̀, tàbí kí ó lé díẹ̀, ni ọkọ̀ òfúrufú fi ń ti Èkó dé Lọ́ńdọ̀n. Bí irú ọkọ̀ kan náà bá kọrí sí Salvador láìyà síbì kankan, mẹ́fà ààbọ̀ sí méje náà ni yóò lò. Ẹni tí ó bá gbéra ní Èkó ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ yóò dé Bàhíà kí oòrùn ibẹ̀ tó kan àtàrí, nítorí pé aago wọn fi wákàtí mẹ́rin rẹ̀yìn sí tiwa. Nígbà tí ó bá di ọ̀sán gangan ní Ẹnuwá, agogo mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n ń lù lọ́hùn-ún. Àwọn baba wa tí wọ́n ń ki Ifẹ̀ ní ibi tí ojúmọ́ ti ń mọ́ wá kò wo aago kí wọ́n tó wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ní ti Bàhíà, aago ti gbè wọ́n lẹ́sẹ̀.

Kí ni ó wá sọ ọ̀nà wákàtí méje di ọ̀nà ọjọ́ mẹ́ta? Ẹ jẹ́ kí a ka ẹsẹ̀ ìyá náà. Láti Salvador dé São Paulo jẹ́ nǹkan bí 1,450 kìlómítà, gúúsù ni ó sì kọjú sí, kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa. Láti São Paulo dé Addis Ababa jẹ́ nǹkan bí 9,900. Láti Addis Ababa padà wá sí Èkó tún jẹ́ nǹkan bí 3,900. Bí a bá ro ó pọ̀, ó lé ní 15,000 kìlómítà, ìlọ́po mẹ́ta ọ̀nà tààrà gẹ́lẹ́ bí baba àgbàlagbà yẹn ti fi ẹnu ara rẹ̀ wí i. Ẹni tí ó bá gba Lisbon, olú-ìlú àwọn Pọtogí, ni ó dín ìyà rẹ̀ kù díẹ̀: nǹkan bí 3,800 láti Èkó dé Lisbon, àti 6,500 láti ibẹ̀ dé Salvador, èyí tí í ṣe ìlọ́po méjì. Ẹni tí ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn níláti kọ́kọ́ kọjú sí àríwá tàbí sí ìlà-oòrùn, bí ẹni tí ń ti Ifẹ̀ lọ sí Ẹdẹ tí a ní kí ó kọ́kọ́ gba Oǹdó.

Òkun kọ́ ni ó ṣe èyí. Òkun náà kò fẹ̀ sí i láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ènìyàn ni í la ọ̀nà, ibi tí èrè bá sì wà ni wọ́n ń là á sí. Ohun tí ó dùn mí jùlọ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ọ̀nà tààrà láti etíkun wa dé Bàhíà ti wà rí, ó sì wà fún ìgbà pípẹ́. Ní ayé òwò ẹrú, oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ọkọ̀ ìgbòkun fi ń ti Èkó àti Ìdáhọ̀mì kó àwọn ènìyàn wa lọ sí Salvador láìyà síbì kan. Ọmọ Kétu, ọmọ Ọ̀yọ́, ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, nínú ìdè ni wọ́n gba ọ̀nà tààrà yẹn lọ. Ọdún 1850 ni Bràsíìlì ṣe òfin tí ó fi òpin sí kíkó ẹrú wọlé. Ọdún 1888 ni wọ́n tó tú àwọn tí ó kù sílẹ̀.

Bí a ti ń kó àwọn kan lọ ni àwọn mìíràn ń ra ara wọn padà, tí wọ́n sì ń wá ilé. Àwọn ni a ń pè ní Àgùdà, tí Pópó Àgùdà ní Èkó fi ń jẹ́ orúkọ wọn títí di òní. João Esan da Rocha, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí a kó lẹ́rú lọ sí Bàhíà, padà wá sí Èkó, ó sì di gbajúmọ̀ olówó. Ọ̀pọ̀ ará Èkó mọ ilé rẹ̀, Ilé Omi, ní òpópó Kákàwá. Martiniano Eliseu do Bonfim ní tirẹ̀, Salvador ni a bí i sí ní 1859. Bàbá rẹ̀ mú un wá sí Èkó ní 1875, ó lo ọdún mọ́kànlá níbẹ̀, ó gbọ́ Yorùbá, ó kẹ́kọ̀ọ́, ó sì padà sí Bàhíà ní 1886, níbi tí ó ti di ẹni tí àwọn ọlọ́rìṣà ń wá ìmọ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ títí ó fi darúgbó. Nígbà ayé rẹ̀, ọmọdékùnrin lè ti Bàhíà wá kẹ́kọ̀ọ́ ní Èkó. Ẹ sọ fún mi, òbí wo ní Salvador ni yóò rán ọmọ rẹ̀ ní irú ìrìn bẹ́ẹ̀ báyìí, nígbà tí ọmọ náà yóò yí ayé po kí ó tó dé?

Gómìnà Alfred Moloney, tí ó wà ní Èkó láti 1886 sí 1891, rí ọ̀ràn yìí dáadáa. Ó jà fún un pé kí ọkọ̀ ojú omi onísítíìmù máa ti Èkó lọ sí Bràsíìlì ní tààrà, nítorí òwò àti nítorí àwọn tí ń fẹ́ padà wálé. Ní 1890 ọkọ̀ Biafra rin ìrìn náà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà kò tọ́jọ́. Lẹ́yìn èyí, Liverpool ni gbogbo ọkọ̀ kọjú sí. Àwọn tí ó dàgbà nínú wa kò tíì gbàgbé Accra, Apapa àti Aureol, àwọn ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi bí ọjọ́ mẹ́tàlá gbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ sí ìlú Òyìnbó, tí a ń fi ilù àti omijé sìn wọ́n dé èbúté Àpápá.

Ọkọ̀ òfúrufú dé, ipa ọkọ̀ ojú omi náà ni ó tọ̀. Ní 1936 ni ọkọ̀ òfúrufú tí ń kó lẹ́tà láti ìlú Òyìnbó dé Kánò, kí ọdún náà sì tó parí ó ti ń dé Èkó. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ń pè ní VC10, ìrìn-àjò èrò tí ó kọ́kọ́ rìn láyé ni ti Lọ́ńdọ̀n sí Èkó, ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 1964. Ẹ ò rí i bí ọ̀nà yẹn ti níyì tó lójú àwọn tí ó là á. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ti ìjọba wa, Nigeria Airways, tọ ọ̀nà kan náà títí ó fi kógbá wọlé ní 2003. Air Peace, ilé-iṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà, sì tún bẹ̀rẹ̀ sí fò ó ní oṣù kẹta ọdún 2024. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí. Àwọn ọmọ wa pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀n, ó sì yẹ kí a rí wọn. Ohun tí mo ń wí ni pé ẹni tí ó jọba lé wa lórí ni ó yan ọ̀nà náà, àwa sì ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn tí ó ti lọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé òkun Àtìláńtíìkì ni ó le, kí ó rántí ogun Hitler. Jean Mermoz, ọmọ Faransé, ti kó lẹ́tà láti Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gà dé Natal ní Bràsíìlì láàárín wákàtí mọ́kànlélógún ní oṣù karùn-ún ọdún 1930, nínú ọkọ̀ tí ó lè balẹ̀ sórí omi. Nígbà tí ó di ìparí ọdún 1941, ọkọ̀ òfúrufú Pan American ti Amẹ́ríkà gba Natal yìí kan náà, ó ré òkun kọjá, ó sì dé Èkó. Láti 1942 ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà sì ti ń fò láti Natal lọ sí erékùṣù Ascension, láti ibẹ̀ dé Accra, kí wọ́n tó gba Kánò àti Maiduguri lọ sí ojú ogun. Natal kò jìnnà púpọ̀ sí Salvador. Etíkun kan náà ni wọ́n wà. Nígbà tí ogun ń fẹ́ ọ̀nà, ọ̀nà là. Ẹ̀rọ ìgbà náà kò tó ìdajì agbára ti òde òní.

Nígbà tí èmi bá ń ronú lórí ìrìn àti jíjìnnà, Ẹnuwá náà ni ọkàn mi ń padà sí. Ní ayé àtijọ́, Ọọ̀ni kì í jáde kúrò ní Ifẹ̀. Ní 1903, nígbà tí Gómìnà MacGregor ránṣẹ́ pe Ọọ̀ni Adélékàn Olúbùṣe Kìn-ín-ní sí Èkó lórí ọ̀ràn adé Ẹlẹ́pẹ̀ẹ́, ìtàn sọ pé àwọn ọba Yorùbá fi ààfin wọn sílẹ̀ títí Ọọ̀ni fi padà dé orí ìtẹ́ rẹ̀. Ìrìn tí kò ju igba kìlómítà lọ mi gbogbo ilẹ̀ Yorùbá tìtì. Ọmọ-ọmọ rẹ̀, Ọọ̀ni Okùnadé Ṣíjúwadé, Olúbùṣe Kejì, dé Havana ní orílẹ̀-èdè Kúbà ní 1987. Ọọ̀ni Adéyẹyè Ògúnwùsì, Ọ̀jájá Kejì, dé Bràsíìlì ní 2018, ó sì bá àwọn ọmọ Odùduwà pàdé ní Salvador. Ìpàdé àgbáyé àwọn ọlọ́rìṣà tí a kọ́kọ́ ṣe, Ifẹ̀ níbí ni a ti ṣe é ní 1981. Èkejì rẹ̀, ní 1983, Salvador ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 pàápàá, Ebenezer Lasebikan ti fi ilẹ̀ yìí sílẹ̀ lọ kọ́ wọn ní èdè Yorùbá ní yunifásítì Bàhíà. Kò sí ìgbà kan tí ìfẹ́ láti rìn kò sí. Ọkọ̀ ni kò sí.

Ìdí rèé tí etí wa fi dìde ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú lọ sí Brasília, tí ìjọba Nàìjíríà àti ti Bràsíìlì sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lórí ìrìn-àjò ọkọ̀ òfúrufú láàárín ilẹ̀ méjèèjì. São Paulo ni orúkọ ìlú tí a gbọ́ jùlọ pé ọkọ̀ yóò máa lọ. São Paulo dára. Ibẹ̀ ni owó wà, ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ ńláńlá wà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tún mú òwú wa. Láti Èkó lọ sí São Paulo ní tààrà jẹ́ nǹkan bí 6,350 kìlómítà. Bí ọkọ̀ bá kọ́kọ́ balẹ̀ sí Salvador kí ó tó máa bá tirẹ̀ lọ, 6,550 ni. Igba kìlómítà péré ni ó fi kún un, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọgbọọgba pẹ̀lú ọ̀nà tí a ń fi mọ́tò gbà láti Ẹnuwá dé ibùdó ọkọ̀ òfúrufú ní Ìkẹjà. Salvador wà lójú ọ̀nà náà bí ilé ẹbí tí a kò gbọdọ̀ gba iwájú rẹ̀ kọjá láìyà kí wọn.

Mo mọ ohun tí àwọn oníṣirò yóò sọ. Wọn yóò ní igba kìlómítà kọ́ ni ìṣòro, pé bíbalẹ̀ àti gbígbéra ni í jẹ epo jù, pé owó ibùdó wà, owó òṣìṣẹ́ wà, àti pé wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò ṣòfò nílẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọkọ̀ òfúrufú kì í fi ìfẹ́ ẹbí ṣe epo. Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere, òun náà ni ìyẹ́ ọkọ̀ òfúrufú. Ohun tí ó pa ọ̀nà Moloney lè pa èyí náà: bí èrò kò bá kún un ní àlọ àti àbọ̀, nǹkan kò níí pẹ́ bàjẹ́, a ó sì tún padà sí Addis Ababa.

Nítorí náà, ọ̀dọ̀ wa gan-an ni ẹjọ́ ń bọ̀. Ta ni yóò wọ ọkọ̀ náà láti ìhà tiwa? Àwọn tí ń ta aṣọ òkè, àdìrẹ, ìlẹ̀kẹ̀, obì àti orógbó mọ̀ pé àwọn ọlọ́rìṣà Bàhíà ń wá nǹkan wọ̀nyí lójú méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ wo ni ó ti kó wọn jọ láti béèrè ààyè ẹrù? Yunifásítì wa ní Ifẹ̀, tí a ń pè ní Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láti 1987, ní àwọn olùkọ́ Yorùbá tí ayé ń tọ̀ wá. Ó yẹ kí àwọn ọmọ Bàhíà tí ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ pọ̀ tó èyí tí ẹnu kò lè kà. Ọjọ́ Ọlọ́jọ́ pàápàá, a kì í sábà kéde rẹ̀ fún àwọn ará òkèèrè ní àsìkò tí wọn yóò fi lè tu owó jọ. Ẹni tí yóò ti òkun wá kò lè fi ọ̀sẹ̀ méjì múra. Ní ti ìwé ìwọ̀lú, ọ̀rọ̀ ìjọba ni, mo sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ìyá arúgbó tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ wí fún wa pé ó rọrùn fún òun láti san owó ọkọ̀ ju láti rí ìwé náà gbà lọ.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun náà ní ipa tirẹ̀. Bí ọkọ̀ bá tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ti Salvador balẹ̀ sí Èkó, àlejò wa ṣì níláti wọ mọ́tò. Mo ti fi ara mi rí ọjọ́ tí mo lo wákàtí mẹ́jọ láti Ẹnuwá dé Ìkẹjà nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ní ọjọ́ náà, ọkọ̀ tí ó gbéra ní Èkó nígbà tí èmi gbéra nílé ti dé Lọ́ńdọ̀n, àwọn èrò inú rẹ̀ sì ti ń mu tíì, kí èmi tó rí ẹnu ọ̀nà ibùdó.

Ìyá náà lo ọjọ́ márùn-ún lọ́dọ̀ wa. Wọ́n mú un dé Òkè Mògún, wọ́n mú un dé ìdí Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, ó sì jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí yóò lọ, ó tún wá sí Ẹnuwá, ó tún fi ọwọ́ kan ilẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ògbufọ̀ ti gba nọ́ńbà ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ mi. Ní ọjọ́ kẹta ni ó tó fi ìwé ṣọwọ́ sí mi pé àwọn ti délé. Ó ní ẹsẹ̀ ìyá wú nítorí ìjókòó pípẹ́, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ le. Ó ní ìyá ń béèrè bóyá ọkọ̀ tí a wí yẹn yóò ti bẹ̀rẹ̀ kí Ọlọ́jọ́ tí ń bọ̀ tó dé, nítorí pé àbúrò òun obìnrin náà fẹ́ wá, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni, kò sì lè sùn lórí àga.